Narrowband àbí Wideband: Èwo Ló Yẹ Kó Máa Ṣọ́ Epo àti Afẹ́fẹ́ Nínú Mọ́tò Oní-tọ́bò?

Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan ra Golf 4 GTI tòkunbọ̀, ẹ́ńjìnnì 1.8T, ó sì gbé e wá kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó kọ́kọ́ nàka sí kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Géèjì róbótó kan ni, tí ẹni tó ni mọ́tò tẹ́lẹ̀ ti dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ dásíbọ́ọ̀dù, tí iná wẹ́wẹ́ yí i ká: pupa lápá kan, yẹ́lò láàárín, àwọ̀ ewé lápá kejì. Mọ́tò dúró, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, àwọn iná náà ń sáré lọ sáré bọ̀ bí iná Kérésìmesì. A jáde sójú títì. Bó ṣe tẹná mọ́ ọn ní jíà kẹta, tí tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, gbogbo iná sá lọ sápá àwọ̀ ewé, wọ́n sì dúró síbẹ̀ gbọin-gbọin.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí i? Epo ń tó o."

Mo ní ó dáa, ká kọ́kọ́ padà sílé ná. Ohun tí géèjì yẹn sọ àti ohun tí òun gbọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló sì lè sọ písítìnì di asẹ́.

Ẹni tó bá ní mọ́tò oní-tọ́bò, tó fẹ́ máa ṣọ́ bí epo àti afẹ́fẹ́ ṣe ń pàdé nínú rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè ra géèjì tó ń ka sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn narrowband, tó kàn ń sọ bóyá epo pọ̀ tàbí ó dín. Ó lè ra géèjì wideband tó bá sẹ́ńsọ̀ tirẹ̀ wá, tó ń sọ bó ṣe pọ̀ tàbí bó ṣe dín tó. Tàbí kó máa fi fóònù ka ohun tí sẹ́ńsọ̀ tó bá mọ́tò wá ń sọ fún kọ̀ǹpútà mọ́tò, èyí tí àwọn rewáyà wa ń pè ní brain box. Mo ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ní èyí tí mo fara mọ́.

## Abọ́ tí wọ́n ti jẹun tán nínú rẹ̀

Kílò afẹ́fẹ́ 14.7 ló ń bá kílò bẹntiróòlù kan jó tán láìṣẹ́ku. Irú nọ́ńbà yìí, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo, ni wọ́n ń pè ní AFR. Bó bá jẹ́ 12, epo pọ̀. Bó bá jẹ́ 16, epo dín. Lambda ni àwọn míì ń lò: 1 ni ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti bá ara wọn dọ́gba, bí nọ́ńbà bá kéré sí 1 epo pọ̀, bó bá ju 1 lọ epo dín. AFR 11.8 àti lambda 0.80 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ fi lambda yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Bí ẹ bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, 14.7 ni mọ́tò ń wá. Bí tọ́bò bá wá ń ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì tipátipá, ọ̀rọ̀ yí padà. Inú sílíńdà á gbóná, á sì há, débi pé epo lè bú gbàmù fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Epo tó lé díẹ̀ ló ń pa ooru yẹn, torí bó ṣe ń gbẹ lọ ló ń gba ooru lára ohun tó yí i ká. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ mọ́tò oní-tọ́bò tó ń fọ́n epo sẹ́nu fáàfù fi máa ń wà láàárín 11.5 sí 12 nígbà tí ẹ bá tẹná délẹ̀. Àwọn tuntun tó ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà lè fi nǹkan bíi 12.5 ṣe é, torí inú sílíńdà gan-an ni epo tiwọn ti ń gba ooru. Bó bá ti ń ju 13 lọ nígbà tí tọ́bò ń fẹ́ gidi, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná.

Lọ́dọ̀ wa, bí mẹkáníìkì bá ní "ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì", ó ti kú nìyẹn, ẹ máa lọ sí Ládípọ̀ lọ wá Belgium. Nọ́ọ̀kì tí àwọn tó ń ṣe tọ́bò ń sọ yàtọ̀. Ìbúgbàmù kéékèèké tó máa ń ṣáájú ikú yẹn ni, ẹ lè má sì gbọ́ ọ rárá bí rédíò bá ń kọrin.

Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn kò rí epo o. Inú sàlẹ́ńsà ló wà, ọ́síjìn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí epo ti jó ló ń wò. Ó dà bí ẹni tó wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹun tán, tó ń fi ohun tó kù nínú abọ́ mọ̀ bóyá ọbẹ̀ tó iyán. Bí ẹnìkan bá yọ́ nǹkan sínú abọ́ náà lẹ́yìn oúnjẹ, irọ́ ni yóò rí. Ojú mi ti rí tèyí, màá sọ ọ́.

## Narrowband: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́

Bosch ló ṣe é, Volvo ló sì kọ́kọ́ gbé e sínú mọ́tò tí wọ́n ń tà lọ́jà, ní 1976, fún Amẹ́ríkà. Zirconia ló wà nínú rẹ̀, ohun líle kan bíi tánganran. Afẹ́fẹ́ ìta wà lápá kan rẹ̀, èéfín sàlẹ́ńsà wà lápá kejì. Bí ọ́síjìn apá méjèèjì bá ti yàtọ̀, iná mànàmáná kékeré yóò jáde: bíi fólítì 0.9 bí epo bá pọ̀, bíi 0.1 bó bá dín. Fólítì 0.45 ni àárín, ibẹ̀ kò sì gba ìdúró. Bí AFR bá kàn rọra kọjá 14.7 báyìí, fólítì ti já láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ìgbà tí garawa já sínú kànga.

Brain box fẹ́ràn ìwà yẹn. Á máa fi epo kún un títí sẹ́ńsọ̀ á fi ní "ó pọ̀", á dín in kù títí á fi ní "ó dín", á tún padà, ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ló ń mú kí iná géèjì àbúrò yìí máa sáré. Katalístì inú sàlẹ́ńsà, ohun tó ń fọ èéfín mọ́, náà nílò lílọ bíbọ̀ yẹn kó tó lè ṣiṣẹ́. Nítorí náà n kò ní pe narrowband ní sẹ́ńsọ̀ burúkú, iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é ló ń ṣe.

Iṣẹ́ yẹn kọ́ ni tọ́bò ń béèrè. Lábẹ́ tọ́bò, bí AFR bá jẹ́ 13, fólítì sẹ́ńsọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè. Bó bá jẹ́ 11, ó kàn fi ín-ń-tín kún un ni. Ín-ń-tín yẹn náà kò ṣe é gbára lé, torí bí sẹ́ńsọ̀ bá gbóná sí i, fólítì rẹ̀ á tún wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bi í pé ṣé òjò rọ̀, á ní bẹ́ẹ̀ ni. Bóyá òjò náà wó ògiri àbí ó kàn pa eruku, kò mọ̀. 13 tó fẹ́ jó písítìnì àti 11 tó ń rọ epo dà sínú sàlẹ́ńsà, iná àwọ̀ ewé kan náà ni yóò fi hàn yín.

Ibi tó ti wúlò: mọ́tò tí kò ní tọ́bò, tí ẹ kàn fẹ́ mọ̀ bóyá sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ṣì wà láàyè. Kódà fún ìyẹn, mítà tí rewáyà fi ń wo fólítì ti tó.

## Wideband: báwo ló ṣe pọ̀ tó?

Wideband fi ihò kékeré kan kún ọ̀rọ̀ náà. Èéfín ń yọ́ wọnú ihò yẹn. Apá kan sẹ́ńsọ̀ ń wo ọ́síjìn inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí narrowband ṣe ń wò ó, apá kejì jẹ́ pọ́ǹpù tó ń fa ọ́síjìn jáde tàbí tó ń tì í wọlé, kí inú ihò náà lè wà ní fólítì 0.45 nígbà gbogbo. Iye iná tí pọ́ǹpù yẹn ń jẹ ni ìdáhùn. Bí epo bá pọ̀ díẹ̀, á jẹ díẹ̀. Bí epo bá pọ̀ gan-an, á jẹ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi lè sọ 11.7 fún yín, kó sì tún sọ 12.4.

Kó tó lè ṣe èyí, ó ní láti gbóná dé nǹkan bíi dìgírì 780, ìgbà gbogbo, yálà sàlẹ́ńsà gbóná tàbí kò gbóná. Ó ní hítà tirẹ̀ nínú, ó sì ní kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí hítà àti pọ́ǹpù. Ibẹ̀ ni owó rẹ̀ wà. Ìlọ́po mélòó kan owó géèjì oníná wẹ́wẹ́ ni, kí ẹ tó san owó wẹ́dà.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá wò ó lójú ọ̀nà, ohun tí ẹ máa rí rèé. Ẹ ń rìn lọ́gọ́rin, ó ń ṣeré láàárín 14.5 sí 14.9. Ẹ tẹná: 13.8, 12.9, 12.1, kó tó di pé tọ́bò fẹ́ tán ó ti jókòó sí 11.7, kò mì. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò: nọ́ńbà fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó kọjá 18, géèjì lè fi ìlà lásán hàn. Ẹ má ṣe já láyà. Brain box ti pa nozzle tó ń fọ́n epo ni, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde. Mo mọ ẹni tó gé ìrìn àjò rẹ̀ kúrú nítorí ìlà yẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń wa mọ́tò máa wo géèjì nígbà tó tẹná délẹ̀. Ẹnìkejì ni kó máa wò ó, tàbí kí ẹ gbà á sílẹ̀ sórí láápútọ́ọ̀pù.

| | Narrowband | Wideband |
|---|---|---|
| Ohun tó ń sọ | epo pọ̀ tàbí epo dín | iye tó pọ̀ tàbí tó dín gan-an |
| Lábẹ́ tọ́bò | "ó pọ̀" ni ṣáá | nọ́ńbà tó ṣe é gbára lé |
| Fífi sí mọ́tò | wáyà kan lára sẹ́ńsọ̀ tó ti wà | ihò tuntun, wẹ́dà, wáyà iná tirẹ̀ |
| Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ | kò ṣe nǹkan kan | èédú á bà á jẹ́ bí kò bá ní iná |

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń ná àwọn ènìyàn lówó jù. Bí fíúsì géèjì bá jó tí sẹ́ńsọ̀ sì ṣì wà nínú sàlẹ́ńsà láìgbóná, èédú á lẹ̀ mọ́ ọn lára títí yóò fi kú. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi nọ́ọ̀tì dí ojú ihò náà títí ẹ ó fi tún iná rẹ̀ ṣe.

## Èyí tó bá mọ́tò wá

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo ohun tí ẹ ti ní. Mọ́tò tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ní ojú OBD2, ẹ lè ki ẹ̀rọ kékeré Bluetooth bọ̀ ọ́ kí fóònù yín máa ka sẹ́ńsọ̀. Ọ̀pọ̀ tọ́bò òde òní, irú 2.0 TSI ti Volkswagen, ló ti ní wideband níwájú katalístì láti ilé iṣẹ́. Bí mọ́tò yín bá jẹ́ irú èyí, tí ẹ kò sì fọwọ́ kan tọ́bò rẹ̀, tí ẹ kò yí ìlànà inú brain box rẹ̀ padà, fóònù ti tó yín. Ẹ fi owó géèjì ra púlọ́ọ̀gì tó dáa.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ń mọ. Ẹ̀rọ Bluetooth olówó pọ́ọ́kú ń lọ́ra, ohun méjì tàbí mẹ́ta ló lè kà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tó ń pa písítìnì kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ wo Subaru Impreza WRX ti 2002, èyí tó wá láti Amẹ́ríkà: sẹ́ńsọ̀ iwájú rẹ̀ wà kí èéfín tó dé tọ́bò. Níbẹ̀, bí tọ́bò bá ń fẹ́, èéfín ń ti ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yẹn sì ń mú kí pọ́ǹpù inú wideband jẹ iná ju bó ṣe yẹ lọ. Ibi tí epo bá ti pọ̀, á ní ó pọ̀ ju bó ṣe pọ̀ lọ. Ẹ rí ewu ibẹ̀: ìgbà tí ẹ fẹ́ mọ òótọ́ jù lọ ló máa ń fi ọkàn yín balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ irú èyí tó wà lára mọ́tò yín? Lára àwọn Volkswagen àti Audi, ka wáyà sẹ́ńsọ̀: mẹ́rin jẹ́ narrowband, márùn-ún jẹ́ wideband. Golf àbúrò yìí ní mẹ́rin. Toyota máa ń tan ènìyàn jẹ níbí, torí sẹ́ńsọ̀ A/F tirẹ̀ ní wáyà mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe narrowband. Mo ti rí Camry tí wọ́n gbé narrowband sípò rẹ̀ nítorí pé "ó wọlé, wáyà rẹ̀ sì pé". Mọ́tò náà ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, wọ́n sì pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnikẹ́ni tó wo sẹ́ńsọ̀.

## LSU 4.2 àbí LSU 4.9

Bí ẹ bá ti pinnu wideband, sẹ́ńsọ̀ Bosch LSU ni ẹ máa bá nínú ọ̀pọ̀ jù lọ. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. 4.2 ni ẹ̀gbọ́n, Volkswagen lò ó lára mọ́tò tirẹ̀, àwọn géèjì àtijọ́ sì gbé e lé orí. 4.9 ni àbúrò, ó ń ṣe afẹ́fẹ́ tó fi ń ṣe òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀, kò sì gbára lé afẹ́fẹ́ ìta bíi ti 4.2. Kì í tètè yà kúrò lójú ìwọ̀n bó ṣe ń dàgbà. Géèjì tó ń lo 4.2 sábà máa ń ní kí ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ síta látìgbàdégbà kí ó tún ìwọ̀n ara rẹ̀ ṣe nínú afẹ́fẹ́. Èmi mọ ara mi, mi ò ní yọ ọ́. 4.9 ni kí ẹ rà.

Wọn kì í rọ́pò ara wọn, ẹ jọ̀wọ́. Géèjì tí wọ́n ṣe fún 4.2, bí ẹ bá fi ọgbọ́n wáyà gbé 4.9 sí i, nọ́ńbà tí yóò máa sọ kò ní jẹ́ òótọ́. Ẹ má sì gé ẹnu wáyà sẹ́ńsọ̀ nítorí pé ó gùn tàbí kò gba ihò kọjá, torí nínú ẹnu yẹn ni resistor kékeré kan wà tí ilé iṣẹ́ fi wọn sẹ́ńsọ̀ yẹn gan-an. Ẹni tó gé e ti ju ìwọ̀n rẹ̀ nù. Ayédèrú sì pọ̀ lọ́jà, tí owó rẹ̀ fi gbogbo ara kéré sí ti gidi. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ń ka 20 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ kọ́kọ́ fura sí ibi tí ẹ ti rà á.

Nínú géèjì, mo ti lo AEM X-Series àti Innovate. Ọgbọọgba ni wọ́n. AEM kò béèrè pé kí ẹ wọ̀n ọ́n nínú afẹ́fẹ́. Innovate fẹ̀ ju ú lọ lójú ìwọ̀n, láti 7.35 dé 22.39. Ohun tó ń da ènìyàn rú ni wáyà tí wọ́n fi ń gba nọ́ńbà sílẹ̀. Fólítì 2 láti ara AEM X-Series túmọ̀ sí 12.1, fólítì 2 kan náà láti ara Innovate, bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, túmọ̀ sí 13.4. Bí ẹ bá yan èyí tí kì í ṣe tiyín nínú láápútọ́ọ̀pù, ẹ máa sáré fi epo kún ohun tí kò nílò epo. Èèṣì wáyà ilẹ̀ náà ń ṣe bákan náà: bó bá fi fólítì 0.1 péré yàtọ̀, ó ti yí nọ́ńbà Innovate padà ní 0.3. Ibi tí brain box ti gba ilẹ̀ ni kí ẹ ti gba tiyín.

## Ibi tí wẹ́dà máa lu ihò sí

Lẹ́yìn tọ́bò ni, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀. AEM ní kó jìnnà tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90 sí ẹnu tọ́bò, kí ooru má bàa pa á. Kó sì wà lókè páìpù, láàárín ibi ago mẹ́wàá sí ibi ago méjì, kí omi má ṣe jókòó sínú rẹ̀, torí omi tútù lára ohun tó gbóná dé dìgírì 780 á là á ni. Wẹ́dà gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ tó wọlé. Ó yẹ kí gbogbo èèyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ní Passat 1.8T kan nígbà náà. Mo gbé wideband sí i, inú mi dùn, mo sì rí i pé bí mọ́tò bá dúró ó ń ka 16.5; bí mo bá rọra ń lọ, 15.8, bí mo bá tẹná délẹ̀, 11.9, ó pé. Ẹni tó ń bá mi ṣe brain box ní epo dín nísàlẹ̀, a sì fi epo kún un. Nọ́ńbà wálẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì mọ́tò ń rùn bẹntiróòlù, mo yọ púlọ́ọ̀gì, ó dúdú bí ìdí ìkòkò aró. Géèjì ní epo dín, púlọ́ọ̀gì ní epo pọ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Bàbá wẹ́dà kan tó ń jókòó lẹ́bàá ọ̀nà wa ló yanjú rẹ̀. Wọn kò wo géèjì rárá. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, wọ́n fi èkísà dí ẹnu sàlẹ́ńsà lẹ́yìn díẹ̀, wọ́n sì da omi ọṣẹ sí ojú ibi tí páìpù ti pàdé tọ́bò. Ó hó. Gáàskẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ti jó. "Ibi tó ń fẹ́ jáde yìí náà ló ti ń fa wọlé," wọ́n wí, wọ́n sì lọ mu omi.

Òtítọ́ ni. Bí èéfín kò bá lágbára, bó ṣe ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé láti ibi tó là, afẹ́fẹ́ yẹn sì ni sẹ́ńsọ̀ ń rí. Bí mo bá tẹná délẹ̀, èéfín pọ̀ débi pé afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé mọ́, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà òkè fi pé. Ẹnìkan ti yọ́ nǹkan sínú abọ́. Kóòlù tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, tó bá kú, náà ń ṣe báyìí, tí ti 1.8T àtijọ́ sì lókìkí fún kíkú: epo sílíńdà kan kò jó, ọ́síjìn rẹ̀ náà kò jó, gbogbo rẹ̀ jáde, sẹ́ńsọ̀ rí ọ́síjìn, ó ní "epo dín", bẹ́ẹ̀ epo ló ń ṣàn nínú sàlẹ́ńsà. Bí skánà bá kọ P0171, èyí tó túmọ̀ sí pé epo dín, ẹ má kọ́kọ́ ra sẹ́ńsọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá omi ọṣẹ.

## AFR àbí lambda lójú géèjì

Ọ̀pọ̀ géèjì á jẹ́ kí ẹ yan èyí tó bá wù yín. Mo ti kọ́kọ́ rò pé aṣọ lásán ni, títí di oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí wọ́n gbà láàyè lọ wọ Nàìjíríà, tí ìlà epo gùn kọjá ojú.

Kílò methanol kan kò nílò ju nǹkan bíi kílò afẹ́fẹ́ 6.5 lọ. Ká ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún epo yín ló jẹ́ methanol, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń dọ́gba ti sún láti 14.7 wá sí nǹkan bíi 13.9. Sẹ́ńsọ̀ kò mọ orúkọ epo. Ọ́síjìn ló ń kà, lambda ló sì ń rí. Géèjì ló ń mú lambda yẹn, tó ń sọ ọ́ di ìlọ́po 14.7 kí ojú wa lè mọ̀ ọ́n. Nítorí náà bí mọ́tò bá ń rìn jẹ́ẹ́, brain box á tún epo ṣe, géèjì á ní 14.7, bẹ́ẹ̀ 13.9 ló wà nínú sílíńdà. Bí ẹ bá wá tẹná délẹ̀, tí brain box kò gbọ́ ti sẹ́ńsọ̀ mọ́, tó kàn ń fọ́n iye tí wọ́n kọ fún un, lambda tó jẹ́ 0.80 lánàá á di 0.85 lónìí. Géèjì á kúrò ní 11.8, á di 12.4. Wideband nìkan ló lè fi ìyàtọ̀ yẹn hàn yín. Narrowband á tan iná àwọ̀ ewé.

Àwọn ará Bùràsílì ti mọ èyí tipẹ́. Ethanol inú bẹntiróòlù wọn dé ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2015, láti 2003 sì ni wọ́n ti ní mọ́tò tó ń mu ethanol àti bẹntiróòlù pọ̀. Ẹni tó ń ṣe tọ́bò níbẹ̀, bó bá ń fi 14.7 ronú, á ṣìnà. Ẹ yan lambda. Ọ̀sẹ̀ kan ló máa gbà kí ojú yín tó mọ̀ ọ́n.

## Ta ni kó ra èwo?

Bí tọ́bò yín bá wà bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, fóònù àti ẹ̀rọ OBD2 ti tó, tí sẹ́ńsọ̀ yín bá jẹ́ wideband. Bó bá jẹ́ narrowband, tí mọ́tò sì ti pẹ́, wideband tọ́ sí i, torí pọ́ǹpù epo àti fílítà rẹ̀ kì í ṣe ọmọdé mọ́. Bí ẹ bá ti fọwọ́ kan brain box, tí ẹ yí tọ́bò padà, tàbí tí ẹ gbé nozzle ńlá sí i, wideband 4.9, lẹ́yìn tọ́bò, kí ẹ sì máa gbà á sílẹ̀. Géèjì narrowband fún mọ́tò oní-tọ́bò? Kódà bí wọ́n bá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò ní torí ẹ̀ lu ihò sí dásíbọ́ọ̀dù.

Àbúrò yìí ra AEM. A lọ sí ọ̀dọ̀ Bàbá wẹ́dà, wọ́n lu ihò náà síbi tí mo nàka sí, wọ́n sì fi omi ọṣẹ yẹ gbogbo ojú páìpù wò láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n. A jáde sí ojú ọ̀nà kan náà, jíà kẹta kan náà. Èmi ni mo ń wo géèjì. 12.6, 12.9, 13.2, 13.4. Mo ní kó gbẹ́sẹ̀. Àwọn iná wẹ́wẹ́ wà lápá àwọ̀ ewé, gbogbo wọn, gbọin-gbọin.

Fílítà epo ni. Ohun tó jáde nínú rẹ̀ nígbà tí a dà á sínú abọ́ funfun dà bí omi ìdí agbada. A pààrọ̀ rẹ̀, a tún wáyà pọ́ǹpù ṣe, nọ́ńbà wálẹ̀ sí 11.8. Ó ti ń wakọ̀ rẹ̀ láti ìgbà yẹn, kò tíì yọ géèjì àtijọ́ náà. Ó ní ó rẹwà lálẹ́.